Ẹjọ́ Tí Ó Ré Kọjá Ibodè: Òfin Ìwà Ọ̀daràn Láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ Láti Ọdún 1889

Ìfáàrà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, pàápàá Bẹ̀nẹ̀, ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn ìwà ọ̀daràn. Gbogbo àwa olùkọ́ Yorùbá ni a máa ń sọ nínú kíláàsì pé Yorùbá kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ṣùgbọ́n a kì í sábàá bi ara wa léèrè pé: bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ tí ó sì sá lọ sí Kétu, òfin ta ni yóò dá a lẹ́jọ́? Èdè wo ni a ó sì fi kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀?

Ààlà àti Òfin Méjì

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí ó la ààlà sí àárín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó ti wà lábẹ́ Aláketu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tí Faransé mú wá ní ìpìlẹ̀ nínú ìwé òfin wọn ti ọdún 1810. Yàtọ̀ sí èyí, títí di 1946 ni àwọn aláṣẹ wọn ní agbára láti fìyà jẹ ọmọ ilẹ̀ láìgbé e dé ilé-ẹjọ́ rárá. Ní tiwa, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti 1916 ni Gẹ̀ẹ́sì lò. Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n ti wo àwòkọ́ rẹ̀.

Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú tẹ̀ jáde ní 1976 fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ Nàìjíríà láti ọ̀dọ̀ Faransé, nítorí iṣẹ́ ipá àti kíkó ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun. Ẹni tí òfin ìhà kan ń pè ní arúfin, ọmọ ìyá ni ó jẹ́ lójú àwọn tí ó gbà á sílé ní ìhà kejì. Ọgbẹ́ yìí ni àwọn àdéhùn òde òní bá nílẹ̀.

Àwọn Àdéhùn

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1984 ni Bẹ̀nẹ̀, Gánà, Nàìjíríà àti Tógò fọwọ́ sí àdéhùn ní Èkó pé àwọn yóò máa fa ẹni tí à ń wá lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ibodè Nàìjíríà wà ní títì ní ọdún náà. Láti oṣù kẹrin 1984 ni wọ́n ti tì í, ó sì di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ibodè wà ní títì, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba mọ̀ pé olè kì í dúró de ibodè. Lẹ́yìn náà ni àjọ ECOWAS ṣe àdéhùn ìrànlọ́wọ́ lórí ẹjọ́ ní Dakar ní 1992, àti ti fífa ẹni léni lọ́wọ́ ní Abuja ní 1994.

Àpẹẹrẹ kan hàn gbangba. Ní oṣù kẹjọ 2003, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀ nítorí ìdigunjalè, fàyàwọ́ àti ọkọ̀ jíjí. Ààrẹ méjèèjì pàdé ní Àgbádárìgì. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn pé òun ni olórí àwọn tí ń jí ọkọ̀, Bẹ̀nẹ̀ ni ó fi ṣe ibùjókòó, Mali ni a ti mú un, Nàìjíríà ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Mali, Nìjẹ̀ àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìn-ín-ní 2025.

Ibi Tí Òfin Kò Ti Dọ́gba

Àdéhùn ti 1994 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ó tún sọ pé a lè má fa ènìyàn lé ìjọba tí yóò pa á lọ́wọ́, bí òfin ibi tí ó wà kò bá ní ìdájọ́ ikú fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tógò pa ìdájọ́ ikú rẹ́ ní 2009. Ilé-ẹjọ́ òfin-ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fòpin sí i ní 2016, ìwé òfin tuntun wọn ti 2018 kò sì ní in. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà dìbò ní 2023 láti yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìwà ọ̀daràn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù sínú òfin-ìpìlẹ̀ fún ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Nàìjíríà sì ń dájọ́ ikú fún ìdigunjalè síbẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé ní Èkó, àwa ni ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ Èdè

Níhìn-ín ni iṣẹ́ tiwa wà. Ẹlẹ́rìí ní Kétu yóò fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ ní Faransé. Wọn yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé ilé-ẹjọ́ ní Abẹ́òkúta. Ògbufọ̀ yóò tún tú u sí Yorùbá fún ẹni tí ń jẹ́jọ́. Yorùbá ni ó bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni ó parí sí, ṣùgbọ́n ó ti la ẹnu àjèjì méjì kọjá. Ẹ wo gbólóhùn yìí: 'Mo gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.' Ó lè túmọ̀ sí pé ó fún mi. Ó sì lè túmọ̀ sí pé mo fipá gbà á. Ẹ̀wọ̀n àti ikú lè wà láàárín ìtumọ̀ méjèèjì.

Bákan náà, àwọn kan ń kọ 'dídá ọ̀daràn padà' fún iṣẹ́ tí àdéhùn wọ̀nyí ń ṣe. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́, a kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀daràn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A dábàá 'fífa ẹni tí à ń wá léni lọ́wọ́'. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ti àkọ́kọ́ nínú ìdánwò ìtumọ̀, ó yẹ kí a kọ ìdí tí a fi gé máàkì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé ààlà ni ó bí òfin méjì, àti pé àdéhùn ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀. Ohun tí àdéhùn kò lè ṣe ni kí ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí dé etí adájọ́ láìyingin. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ ní ìhà méjèèjì jọ jókòó, kí a fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ tí a ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí pé nínú wọn ni ògbufọ̀ ọ̀la yóò ti jáde.