Pípa Ẹranko Apẹranjẹ Nítorí Ààbò Ẹranko Mìíràn

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko igbó ti ń pa ẹranko apẹranjẹ kí àwọn ẹranko mìíràn lè yè, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán. Ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba jù lọ. Ọdún 1872 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Ìbọn, pàkúté àti májèlé ni wọ́n fi dojú kọ àwọn ìkookò ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà fúnra wọn ló sì pa àwọn tó kù, ní 1926.

Wọ́n ní àwọn ń gba elk là ni, ìyẹn àgbọ̀nrín ńlá ibẹ̀. Elk wá bí sí i, wọ́n ń jẹ ọ̀mùnú igi etí odò tán, igi ò lè dàgbà mọ́. Ni àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà bá tún gbé ìbọn, wọ́n ń pa elk ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún títí di àwọn ọdún 1960.

Aldo Leopold, òṣìṣẹ́ igbó ìjọba, wà lára àwọn tó gba ọ̀rọ̀ ìkookò pípa gbọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1949 pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yìnbọn fún abo ìkookò kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, òun sì dé ọ̀dọ̀ ẹranko náà kí ẹ̀mí tó bọ́. Ohun tó rí lójú rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ ló kọ́kọ́ mú un ṣiyèméjì.

Ní 1995 àti 1996, wọ́n kó ìkookò 31 wá sí Yellowstone láti Kánádà. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn; ti àwọn olùsìn màlúù kò dùn, nítorí agbo tiwọn ni ìkookò ń yà sí. Kò yẹ kí ará ìlú máa yọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn ń san owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ Defenders of Wildlife mọ èyí, wọ́n sì san owó ẹran tí ìkookò bá pa láti 1987 títí di 2010.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jìyà àti ẹni tó ń jèrè yìí kan ọdẹ olówó náà, ìyẹn àwọn àlejò tó ń sanwó láti pa ẹranko igbó. Kenya fòfin de ọdẹ ṣíṣe ní 1977. Namibia gba ọ̀nà mìíràn ní 1996, ó jẹ́ kí àwọn ará abúlé máa pa owó lára àwọn ọdẹ àlejò, kí wọ́n sì pín ẹran náà.

New Zealand kò jọ Yellowstone. Ọkọ̀ ojú omi ènìyàn ló gbé eku àti stoat, ìyẹn ẹranko apẹranjẹ kékeré kan, débẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kakapo, odídẹrẹ́ tí kò lè fò, run: 51 péré ló kù ní 1995. Àwọn erékùṣù tí wọ́n ti pa apẹranjẹ kúrò ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì ti lé ní 200. Ní 2016, ìjọba ní òun fẹ́ mú eku, stoat àti possum, ẹranko mìíràn tí ènìyàn gbé wá, kúrò ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kó tó di 2050. Wọ́n jàre. Ẹni tó gbé eku wá ló jẹ àwọn ẹyẹ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n májèlé 1080 tí wọ́n ń fi bàálù fọ́n ń pa ẹranko díẹ̀díẹ̀, ajá tó bá jẹ òkú rẹ̀ náà sì lè kú. Pàkúté tó ń pa eku lójú ẹsẹ̀ wà. Òun ló yẹ kí wọ́n máa lò níbikíbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá lè dé.