Òpin ayé inú Bíbélì lórí ìtàgé òde òní

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn òǹkọ̀wé eré ti ń gbé ìkún omi Nóà, ìran Dáníẹ́lì àti Ìwé Ìfihàn lọ sórí ìtàgé, tí wọ́n sì ń yí wọn padà. Ìparun kì í wọ́n nínú eré wọn. Onídàájọ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Vladimir Mayakovsky, akéwì ará Rọ́ṣíà, tètè fi èyí hàn. Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1918, tí ìjọba Bọ́ṣẹ́fíìkì pé ọdún kan, ni wọ́n ṣe Misteriya-Buff rẹ̀ ní Petrograd. Vsevolod Meyerhold ló darí rẹ̀. Bí Nóà ṣe ya ẹran tó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Mayakovsky ya èèyàn: ọba àti olówó ló mọ́, alágbẹ̀dẹ, afọṣọ àti awakùsà ni kò mọ́. Àwọn aláìmọ́ ju àwọn tó mọ́ sómi. Ọ̀run àpáàdì kò bà wọ́n lẹ́rù. Ní Párádísè, ìkùukùu ni wọ́n gbé síwájú wọn pé kí wọ́n jẹ. Inú bí wọn, wọ́n sì tú ibẹ̀ ká.

Thornton Wilder kó yìnyín, ìkún omi àti ogun pọ̀ sínú The Skin of Our Teeth (1942). Jóòbù 19:20 ló ti mú orúkọ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti Èkó: ìjọ Aládùúrà fúnra rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ The Garden of Eden and the Throne of God (1944) fún Hubert Ogunde.

Eré tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù ni Fin de partie ti Samuel Beckett, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Royal Court, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1957, lédè Faransé. Yàrá kan, fèrèsé méjì: òkun ní ọ̀kan, ilẹ̀ ní ìkejì, kò sì sí ohun alààyè tó hàn níta. Hamm fọ́jú, kò lè dìde lórí àga onítáyà rẹ̀. Inú garawa ìdọ̀tí ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí Clov, ìránṣẹ́ rẹ̀, rí eégbọn lára ara rẹ̀, ìpayà bá Hamm, kí aráyé má baà tún ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Clov da ìyẹ̀fun apakòkòrò sínú ṣòkòtò. Ìyípadà Jẹ́nẹ́sísì tó mú jù lọ tí mo mọ̀ nìyí: Nóà ń kó ohun alààyè pamọ́, àwọn wọ̀nyí ń pa èyí tó kù.

Àwọn kan gbà pé Hámù ọmọ Nóà ni Hamm. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ní òòlù ni, pé ìṣó sì ni àwọn mẹ́ta yòókù, nítorí bí orúkọ wọn ṣe dún lédè Faransé, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Hamm ní kí wọ́n gbàdúrà; kò sí ìdáhùn, ló bá bú Ọlọ́run. Àwọn aṣàyẹ̀wò eré ní Ìlú Ọba fàyè gba èébú náà lédè Faransé, wọ́n kọ̀ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, títí Beckett fi pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan.

Nínú Angels in America ti Tony Kushner (1991), áńgẹ́lì já àjà wọlé tọ Prior Walter, tí àrùn éèdì ń ṣe, ó sì fi í ṣe wòlíì. Ọlọ́run ti kúrò lọ́run láti ọjọ́ tí ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco ní 1906. Prior dá ìwé àsọtẹ́lẹ̀ padà, ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí sí i, ó sì gba àwọn áńgẹ́lì nímọ̀ràn pé bí Ọlọ́run bá padà dé, kí wọ́n gbé E lọ sí kóòtù.