Omi-fàdákà, Fàdákà Alààyè, Mercurius: Orúkọ Mẹ́kúrì Nínú Álíkẹ́mì Àtijọ́

1. Ìfáárà

Nínú gbogbo mẹ́táàlì tí àwọn ará àtijọ́ mọ̀, mẹ́kúrì nìkan ló ń ṣàn bí omi láìjẹ́ pé a yọ́ ọ lórí iná. Ó ń dán bí fàdákà, ó sì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Tí ó bá dà sílẹ̀, á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Tí a bá kó o jọ, á tún di ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé láti inú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni púpọ̀ nínú ohun tí mẹ́kúrì dúró fún lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ álíkẹ́mì ti jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé wọn sí Yorùbá kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tú gbogbo rẹ̀.

2. Omi tàbí ẹ̀mí?

Aristotle pè é ní fàdákà dídà. Ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kírísítì, Theophrastus ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí i: wọ́n á fi ọmọ odó bàbà lọ òkúta pupa tí a ń pè ní sínábà pẹ̀lú ọtí kíkan nínú odó bàbà. Lẹ́yìn náà ni èdè Gíríìkì so omi (hydor) mọ́ fàdákà (argyros) láti ṣẹ̀dá hydrargyros. Láti ibẹ̀ ni àmì Hg tí a ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ti wá.

Ojú mìíràn ni Látìnì fi wò ó: argentum vivum, fàdákà tó wà láàyè, tí Faransé sọ di vif-argent. Ní ọ̀rúndún kìíní, Pliny lo orúkọ méjèèjì, ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀: argentum vivum ni èyí tí a bá nínú ilẹ̀, hydrargyrus ni èyí tí ọwọ́ èèyàn ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ohun tí a bá pè ní alààyè lè kú, ó sì lè jí. Àwọn onímọ̀ álíkẹ́mì ń sọ pé àwọn “pa” mẹ́kúrì nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tí ó sì dúdú. Tí iná bá sọ dúdú yẹn di pupa, tí mẹ́kúrì sì tún jáde láti inú pupa náà, wọ́n ní ó jíǹde. Ohun tí ojú wọn rí lórí ààrò ni. Ọ̀rọ̀ vivum ló fún wọn ní bí wọ́n ṣe máa ròyìn rẹ̀.

3. Orúkọ òrìṣà

Àwọn Gíríìkì pín mẹ́táàlì fún ohun méje tó ń rìn lójú ọ̀run: wúrà fún oòrùn, fàdákà fún òṣùpá, òjé fún Kronos. Nínú àwọn àkójọ àkọ́kọ́, tánńganran ni ti Hermes. Àdàlù wúrà àti fàdákà ni ti Zeus. Nígbà tí wọ́n yọ àdàlù yìí kúrò, tánńganran bọ́ sọ́wọ́ Zeus, mẹ́kúrì sì gba àyè tó ṣófo lọ́dọ̀ Hermes, ẹni tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Mercurius. Bí orúkọ òrìṣà ṣe di orúkọ ìràwọ̀ nìyẹn, tí ti ìràwọ̀ sì di ti mẹ́táàlì.

Orúkọ náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Hermes ni ońṣẹ́ àwọn òrìṣà, òun ló ń sin òkú lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, òun náà ni ọ̀gá olè. Ohun tí kì í ṣe omi pátápátá tí kì í sì í ṣe irin líle wá di ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ayé méjì, akọ àti abo lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú àwọn ìwé Lárúbáwá tí a kọ sórí orúkọ Jabir ibn Hayyan, mẹ́kúrì àti imí-ọjọ́ ló bí gbogbo mẹ́táàlì. Paracelsus (1493–1541) fi iyọ̀ ṣe ìkẹta wọn. Ṣùgbọ́n “mẹ́kúrì àwọn ọlọ́gbọ́n” tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wí kì í sábà ṣe èyí tí à ń tà nínú ìgò. Èéfín ti inú ìgò, oró ni. Ẹni tó bá ka méjèèjì sí ọ̀kan, tó sì lọ dán an wò, ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

4. Ẹrú àti àgbọ̀nrín

Tí iná bá mú mẹ́kúrì, á di èéfín, á sì fò lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é ní servus fugitivus, ẹrú tó sá lọ, àti cervus fugitivus, àgbọ̀nrín tó ń sá. Ìró kan náà ni servus àti cervus ní lẹ́nu àwọn tó ń sọ Látìnì nílẹ̀ Faransé nígbà náà, àwọn ayàwòrán sì ya àgbọ̀nrín sínú ìwé álíkẹ́mì. Àwòrán tó dà bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, eré ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ní Yorùbá, ẹrú àti àgbọ̀nrín kò jọra lẹ́nu rárá. Ẹni tó bá tú ọ̀kan láìdárúkọ èkejì ti sọ eré náà nù.

5. Kí ni kí a pè é?

Ó lè wu èèyàn láti fi Èṣù dípò Mercurius, nítorí ońṣẹ́ ni àwọn méjèèjì, oríta sì ni ilé wọn. A kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi Èṣù dípò Sátánì, orúkọ náà kò padà sí bó ṣe wà mọ́ létí ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni Èṣù ṣì ní olùsìn láàárín wa. Kò yẹ kí a tún gbé ẹrù òrìṣà ará Róòmù lé e lórí.

Àbá wa ni pé kí a lo omi-fàdákà fún hydrargyros, fàdákà alààyè fún argentum vivum, mẹ́kúrì fún ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wọ̀n lónìí, kí a sì fi Mercurius sílẹ̀ bó ṣe wà nígbà tí ìwé bá ń sọ nípa ẹ̀mí tí àwọn onímọ̀ álíkẹ́mì ń wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún nǹkan kan lè dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ni àwọn tó kọ ìwé náà ní lọ́kàn.