Ẹ̀rọ Tó Ń Yín Àgbàdo, Tó Tún Ń Lu Sóyà

Èdè wa ti ya iṣẹ́ méjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́. Àgbàdo, yínyín là ń yín in: àtàǹpàkò la fi ń ti hóró rẹ̀ kúrò lára ṣùkù. Ẹ̀wà gbígbẹ, lílù ni: a ó kó o sínú àpò, a ó fi igi lù ú títí èèpo á fi là. Ṣùgbọ́n ní Iowa àti Illinois ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń gbin àgbàdo lọ́dún kan, tí wọ́n á sì gbin sóyà sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dún kejì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì. Combine harvester lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní kọ́mbáìnì. Ó ń gé irè, ó ń pa á, ó sì ń fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, gbogbo rẹ̀ nínú ìrìn kan náà.

Àlìkámà ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn. Ní nǹkan bí 1786, Andrew Meikle, ará Scotland tó ń ṣe ẹ̀rọ ọlọ, ṣe ẹ̀rọ ìpakà tó ṣiṣẹ́ gan-an: àgbá kan tó ń fi eré yí, tí ó ní ọ̀pá lára, tí ó ń na ọkà bó ṣe ń wọlé. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó tàn kálẹ̀, igi méjì tí wọ́n so pọ̀ ni àwọn alágbàṣe fi ń lu ọkà nínú abà. Iṣẹ́ ìgbà òtútù ni. Nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn lóko, òun ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹjọ 1830, ní Lower Hardres ní agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn alágbàṣe fọ́ ẹ̀rọ ìpakà kan túútúú lóru, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná ọyẹ́ lọ sí agbègbè mìíràn. Lẹ́tà ìhalẹ̀ ń dé ilé àwọn olóko, orúkọ tó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Captain Swing, ẹni tí kò sí níbì kankan. Ìjọba yẹgi fún ènìyàn 19, wọ́n sì kó nǹkan bí 500 lọ sí Ọsirélíà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé àwọn èèyàn yẹn kàn kórìíra ọ̀làjú ni, ẹ bi í léèrè ohun tí wọn ì bá jẹ ní oṣù kejìlá.

Ní Michigan, Hiram Moore gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1836 lórí ẹ̀rọ tó ń gé ọkà, tó sì ń pa á lójú kan náà. Ẹṣin ló ń fà á. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ tutù jù fún un. Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí California ní 1854, níbi tí ọkà ti ń gbẹ kanrin lórí ìdúró, ni ó rí ibi tó bá a lára mu.

Sóyà dé inú kọ́mbáìnì ní Illinois ní 1924. Ti àgbàdo pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: odindi ṣùkù ni wọ́n ń já, wọ́n á kó o sí abà kó gbẹ, kí wọ́n tó yín in nígbà mìíràn. 1954 ni John Deere gbé orí tó ń já àgbàdo jáde fún kọ́mbáìnì tó ń dá rìn. Láti ìgbà náà ni irin kan ti ní láti ní ọwọ́ méjì.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé wa. Àgbá tó ń yí wà lókè, irin oníhò tó tẹ̀ bí igbá wà lábẹ́ rẹ̀, irè sì ń gba àárín wọn kọjá. Lẹ́yìn náà ni fáànù àti asẹ́. Ẹ lè yí eré àgbá padà, àlàfo àárín méjèèjì, afẹ́fẹ́, àti ojú asẹ́. Fún àgbàdo, àlàfo ní láti fẹ̀ kí ṣùkù lè gbà á kọjá láìfọ́, kí àgbá sì rọra yí. Afẹ́fẹ́ lè le, torí hóró wúwo. Fún sóyà, wọn a dín àlàfo kù, wọn a sì fi kún eré díẹ̀. Bí ṣùkù bá ń jáde ní wẹ́wẹ́, ìlù ti pọ̀ jù. Bí hóró bá ṣì lẹ̀ mọ́ ṣùkù, àlàfo ti fẹ̀ jù. Bí sóyà bá là sí méjì nínú táǹkì, ẹ kọ́kọ́ dín eré kù.

Àmọ́ sóyà kì í dúró sójú kan. Láàárọ̀, ìrì ti mú èèpo rẹ̀ le bí awọ. Tó bá di ọ̀sán, ó ti gbẹ débi pé ìlù tó tọ́ láàárọ̀ á máa fọ́ ọ. Nọ́ńbà inú ìwé ẹ̀rọ, default lásán ni, ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń kọ́ni pé kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, ká wò ó, ká tó yí òmíràn. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ òfin yẹn dáadáa, bí a kì í tilẹ̀ í pa á mọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá dúró sí wa lẹ́yìn.

Èyí tó wù wá jù ni ọgbọ́n kan tí àwọn awakọ̀ ń lò. Láàárín oko, tí ẹ̀rọ kún dẹ́múdẹ́mú, wọn á pa á lójijì. Ohun gbogbo á dúró síbi tó wà. Bí gbogbo irin bá ti dákẹ́, wọn á sọ̀kalẹ̀, wọn á ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á wo ibi tí hóró ti kúrò lára ṣùkù, àti bóyá ẹrù asẹ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Breakpoint gan-an nìyẹn, nínú irin àti eruku.

Ní 1975, New Holland gbé TR70 jáde. Ní 1977, International Harvester gbé Axial-Flow tiẹ̀ wá. Nínú ìwọ̀nyí, irè ń yí po àgbá gígùn kan tàbí méjì lọ́pọ̀ ìgbà, hóró ń ra ara wọn dípò kí wọ́n gba ìlù ńlá kan ṣoṣo. Hóró tó ń fọ́ dín kù. Ó sún mọ́ àtàǹpàkò díẹ̀ sí i. Láti 2017, John Deere ti ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi kámẹ́rà wo hóró bó ṣe ń gòkè lọ sí táǹkì, tó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe fúnra rẹ̀ bí hóró fífọ́ bá pọ̀. Iṣẹ́ tó dára ni, a ò ní purọ́.

Inú ẹ̀rọ ni kámẹ́rà yẹn ń wò. Sóyà máa ń so sísàlẹ̀ igi, èèpo gbígbẹ rẹ̀ sì ń bẹ́ bí abẹ bá ti kàn án. Èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù rẹ̀ ti ṣubú níwájú, kó tó wọlé rárá. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ṣì ń sọ̀kalẹ̀, tó ń fi férémù kékeré, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, lélẹ̀, tó ń ka hóró. Sóyà mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílò 27 tó ṣòfò lórí éékà kan. Àgbàdo, hóró méjì péré ti tó kílò 25. Wọ́n ń kà á níwájú abẹ, wọ́n ń kà á lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n á wá gun òkè padà lọ yí nọ́ńbà kan.