Ta Ni Ẹlẹ́rù Bí Ẹrù Bá Sọnù Lójú Ọ̀nà?

Ẹ̀yin ará wa, ibi àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa dìde lẹ́yìn àdúà, ó ní òun ní ìbéèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ra fóònù tuntun lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan. Àdéhùn wọn ni pé yóò fi fóònù àtijọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, àwọn náà yóò sì yọ iye tí ó tó kúrò nínú owó tuntun. Ilé-iṣẹ́ náà fi àpò kan ránṣẹ́ sí i, àdírẹ́sì wọn ti wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti san owó ìfiránṣẹ́. Ọmọ náà di fóònù sínú àpò, ó gbé e lọ sí pósófíìsì, ó gba rìsíìtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà dé pé àwọn kò rí fóònù kankan gbà, kí ó yáa wá san owó tí wọ́n ti yọ fún un.

Ìyá náà wá ní, "Ẹ̀yin ààfáà wa, ṣé gbèsè ni owó yìí lọ́rùn ọmọ mi?" Kì í ṣe iye owó ni ó ń dà á láàmú. Ọmọ náà ti san owó Úmúrà, ọjọ́ ìrìn-àjò sì ti sún mọ́lé. Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ nínú wàásù bí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe fà sẹ́yìn láti kírun sí òkú ọkùnrin kan lára nítorí gbèsè dínárì méjì, àfìgbà tí Abu Qatada gba gbèsè náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á.

Kí á má purọ́, ariwo pọ̀ níjọ́ náà. Àwọn kan ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tí ó ti wúwo, fóònù ọmọ náà ni ó sọnù, òun ni yóò sì fara gbá a. Àwọn mìíràn ní rárá, láti ìgbà tí ó ti fi lé ìránṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni fóònù ti di tiwọn. Àwọn ààfáà ní kí á fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa tí a wà nídìí ìwé yìí náà tú ìtàn wò, a sì rí i pé ìbéèrè ìyá yìí dàgbà ju fóònù lọ jìnnà.

Kí á kọ́kọ́ mú ti pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ní ayé Ànábì, Bilal gbé èso dábínù dáadáa wá síwájú rẹ̀. Ànábì bi í pé níbo ni ó ti rí i, ó ní òun fi òṣùwọ̀n méjì nínú èyí tí kò dára gba òṣùwọ̀n kan nínú èyí tí ó dára. Ànábì kọ̀ ọ́, nítorí èlé ni, ó sì kọ́ ọ pé kí ó ta èyí tí kò dára, kí ó fi owó rẹ̀ ra èyí tí ó dára. Abu Sa'id al-Khudri ni ó gba hadíìsì yìí wá, ó sì wà nínú ìwé Bukhari àti Muslim. Dábínù, àlìkámà, wúrà àti fàdákà wà lára ohun tí òfin èlé yìí dè. Fóònù kò sí lára wọn, nítorí náà kò sí ohun tí ó burú bí a bá fi àtijọ́ gba tuntun tí a sì fi owó lé e. Ní ilé níbí, ta ni kò mọ àwọn obìnrin tí ń ru abọ́ kiri, tí wọ́n ń fi í gba aṣọ àlòkù? Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2001, irú rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ojú ń ri ojú níbẹ̀, ọwọ́ ń gba ọwọ́. Bí o bá fi tìrẹ sílẹ̀, o ti mú tiwọn dání. Ọ̀nà tí ó wà láàrin ọwọ́ méjì ni wàhálà.

Àwọn ará ìṣáájú mọ ọ̀nà yìí dáadáa, nítorí oníṣòwò ni àwọn ará Mọ́kà, ràkúnmí wọn a máa lọ sí Yámánì àti Síríà. Ànábì kọ̀ kí ẹni tí ó ra oúnjẹ tà á kí ó tó gbà á sọ́wọ́. Ó sì tún fi ìlànà kan lélẹ̀ nínú ẹjọ́ ẹrú tí ẹni kan rà tí ó wá rí àléébù lára rẹ̀: ẹni tí òfò ohun kan yóò jẹ́ tirẹ̀ ni èrè rẹ̀ tọ́ sí. Aisha ìyá wa ni ó gba èyí wá. Láti inú ìlànà yìí ni ọ̀rọ̀ *damán* ti jáde, ìyẹn dídúró fún òfò, àwọn onímọ̀ fíkíhì sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Wọn kò fẹnu kò. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Abu Hanifa ní níwọ̀n ìgbà tí ọjà kò bá tíì dé ọwọ́ olùrà, òfò jẹ́ ti ẹni tí ń tà. Ilé ẹ̀kọ́ Malik ọmọ Anas, tí ó kú ní Mẹ̀dínà ní 795, ni àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé. Ìwé *Risala* àti *Mukhtasar* ti Khalil tí àwọn ààfáà wa kà ní Ìlọrin àti Ìbàdàn, tirẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Malik ní bí ohun náà bá hàn gbangba tí a sì dá a mọ̀ yàtọ̀, àdéhùn fúnra rẹ̀ ti gbé òfò lọ sórí olùrà. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé ọmọ wa ti bọ́. Àmọ́ wọ́n yọ àwọn ohun kan sílẹ̀. Ohun tí a ní láti wọ̀n kò tíì kúrò lọ́rùn ẹni tí ń tà títí tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí kò sí níwájú olùrà, tí ó jẹ́ pé àpèjúwe rẹ̀ nìkan ni ó gbọ́, bí kì í bá ti ṣe ilẹ̀ tàbí ilé, ẹni tí ń tà ni yóò dúró fún un títí olùrà yóò fi gbà á, àyàfi bí wọ́n bá ṣe májẹ̀mú mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kò rí fóònù náà sójú rí; àpèjúwe ni ọmọ náà fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tún ti yí padà.

Ẹni tí ń gbé ẹrù ńkọ́? Níbí ni ìtàn ti dùn jù lójú wa. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí a gbé ohun lé lọ́wọ́ jẹ́ ẹni àmánà: bí ohun náà bá bàjẹ́ láìṣe ẹ̀bi rẹ̀, a kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú fẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé aṣọ oníbàárà ti sọnù, àwọn Sàhábà rí i pé nǹkan ti yàtọ̀. A gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ Káálífà Ali pé ó mú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ san ohun tí ó bá sọnù lọ́wọ́ wọn, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó lè tún ìwà àwọn ènìyàn ṣe. Ní ti àwọn tí ń fi ẹran gbé ẹrù, Malik dá wọn sí méjì. Ẹni tí ó gbé aṣọ, bí ó bá sọ pé ó sọnù, a lè gbà á gbọ́. Ẹni tí ó gbé oúnjẹ yóò san án, àfi bí ó bá ní ẹ̀rí, nítorí ọwọ́ a máa tètè yá sí oúnjẹ. A rò pé bí Malik bá wà láyé lónìí, inú ẹgbẹ́ oúnjẹ ni ì bá fi fóònù sí.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn alájàpá kò fẹ́ràn kí ẹrù máa dá rìn. Ní sáà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó rìn, wọn a san owó ibodè fún oníbodè, alárùú a sì máa rìn lójú ẹlẹ́rù tàbí lójú ọmọ rẹ̀. Ìlọrin ni kán-ún àti aṣọ ti òkè ọya ti ń pàdé ọjà ti gúúsù. Nígbà tí ẹlẹ́rù kò bá lè rìn mọ́, ó di dandan kí ẹnì kan dúró fún un. Bí ó ṣe rí ní Sábó ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, nìyẹn: Hausa tí ó kó màlúù wá yóò dé sílé onílé kan, onílé yóò bá a tà á láwìn fún alápatà, bí alápatà kò bá sì san, onílé ni yóò san. Wọn kò kọ ìwé kankan.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà. Òfin wọn àtijọ́ le koko sí ẹni tí ó ń fi ẹrù gbígbé ṣòwò fún gbogbo ayé: àfi iṣẹ́ Ọlọ́run tàbí ogun ọ̀tá ọba nìkan ni ó lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ pósófíìsì ọba sílẹ̀. Ní 1701, nínú ẹjọ́ Lane àti Cotton, ẹnì kan fi ìwé owó ìjọba sínú lẹ́tà, wọ́n tú lẹ́tà náà ní pósófíìsì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì jí ìwé náà. Adájọ́ mẹ́ta ní àwọn ọ̀gá pósófíìsì kò ní san. Adájọ́ àgbà, John Holt, nìkan ni ó yà sọ́tọ̀, ó ní ẹni tí ó gba owó láti ṣọ́ nǹkan yẹ kí ó dúró fún un. Ọ̀rọ̀ Holt kò borí. Ní 2000 tí wọ́n tún òfin ìfìwéránṣẹ́ ṣe, ààbò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn agbẹ́rù yòókù náà bẹ̀bẹ̀ títí a fi ṣe òfin fún wọn ní 1830, pé ẹni tí ó bá ní wúrà, aago tàbí irú ohun bẹ́ẹ̀ tí ó ju pọ́n-ùn 10 lọ nínú ẹrù gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí ó sì fi owó lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí nǹkan kan gbà.

Irú pósófíìsì yìí ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1852. Òfin ọjà títà wọn ti 1893 náà bá wa délé. Ó ní níbi tí nǹkan bá ti di ti olùrà, òfò ti bá a lọ. Ó sì ní bí ẹni tí ń tà bá gbé ẹrù fún agbẹ́rù láti gbé e lọ fún olùrà, ó dà bí ẹni pé ó ti fi lé olùrà lọ́wọ́, bí a kò bá rí ẹ̀rí tí ó tako ó. Kí á dúró díẹ̀ síbí. Òfin yìí gbe ẹni tí ń tà. Òfin wọn ti 2015 yàtọ̀ sí i pátápátá fún àwọn oníbàárà: ẹrù tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ títí yóò fi dé ọwọ́ oníbàárà, àfi bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ wá agbẹ́rù tí ilé-iṣẹ́ kò dárúkọ. Òfin dára. Ṣùgbọ́n nínú pàṣípààrọ̀ fóònù, oníbàárà ni ó di ẹni tí ń tà! Ààbò ti 2015 kò dojú kọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni àdéhùn tí ó fọwọ́ sí, àti apá òfin kan náà tí ó sọ pé àdéhùn tí ó bá rẹ́ oníbàárà jẹ kò lè dè é.

A ka àdéhùn náà. Ó ní fóònù kò di ti ilé-iṣẹ́ títí wọn yóò fi gbà á tí wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí àwọn ààfáà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orí èyí ni wọ́n pín sí. Ọ̀kan ní Mùsùlùmí kì í yẹ májẹ̀mú, ọmọ náà ti gbà pé òfò yóò jẹ́ tòun. Èkejì ní ta ni ó yan agbẹ́rù? Ta ni ó ra àpò, ta ni ó san owó? Ẹni tí a bá rán láti lọ gba nǹkan fún wa, ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ wa. Fíkíhì kò jiyàn lórí èyí. Ìgbà tí ìránṣẹ́ wọn ti gbà á, wọ́n ti gbà á. Tèkejì ni àwa fara mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ náà ni ó lọ wá agbẹ́rù olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀, ohun mìíràn ni à bá sọ.

Ìdáhùn tí wọ́n fún ìyá náà kò gùn. Wọ́n ní ẹjọ́ tí a kò tíì dá kì í ṣe gbèsè, kí ọmọ náà máa lọ sí Úmúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ya iye owó náà sọ́tọ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ó fọkàn tán, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé wàsíyà rẹ̀ pé bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi lẹ́yìn òun, kí wọ́n san án. Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ó fi àwòrán rìsíìtì pósófíìsì sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó fi hàn pé wọ́n gba àpò náà ní ọjọ́ tí ó sọ. Ó ti lọ sí Mọ́kà, ó sì ti dé. Nígbà tí a ń kọ èyí, ìyá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà kò tíì fèsì.