Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́ àti Iná Òkè-Ooye

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ níbí, pásítọ̀ tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti rí i kí wọ́n gbé ẹrù baba tó kú wá bá a: ère, ìlẹ̀kẹ̀, àdó, nínú àpò sìmẹ́ǹtì, pé kí ó bá wọn dáná sun ún. Nígbà mìíràn, ọmọ kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ló gbé e wá. Àwọn márùn-ún yòókù á gbọ́ lẹ́yìn tó ti di eérú. Nítorí irú ọ̀ràn yìí ni a ṣe kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìpínlẹ̀ Kwara.

Àwọn ère tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, irun wọn ní àrà, àwọn kan kọlà, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́. Àwọn kékeré kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn ńlá ju mítà kan lọ. Púpọ̀ ti ṣẹ́, orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Ìtàn ìlú ní ọdẹ kan ló rí wọn nínú igbó ní nǹkan bí ọdún 1775, àti pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ìtàn náà jẹ́wọ́ ohun kan: àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé baba àwọn ló gbẹ́ ère wọ̀nyí. Wọ́n bá wọn níbẹ̀ ni.

Ní 1933, Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., rí wọn, ó sì jẹ́ kí ayé gbọ́. Ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ ìjọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o! Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ní oṣù keje 1930, ni ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí àwọn ènìyàn ń kó òrìṣà àti oògùn wọn wá fún sísun. Ọmọ Odò-Ọwá ni Babalọlá, ní ìpínlẹ̀ Kwara kan náà, ilé C.M.S. ni wọ́n sì bí i sí ní 1904.

Ṣé Ramshaw ló wá ṣojo ni? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kó ẹrù wá sí Òkè-Ooye, ohun ọwọ́ ara wọn ni wọ́n jọ̀wọ́, bí àwọn ará Éfésù tó sun ìwé idán wọn nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 19. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi Deutarónómì 12 àti Gídíónì dá wa lóhùn, ó sì tọ́ kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n ilé baba Gídíónì gan-an ni Olúwa rán an sí. Deutarónómì sì ń sọ ti ilẹ̀ tí a fi fún Ísírẹ́lì ní ìní. Kò sí ẹni tó fún ìjọ ní ìwé ilẹ̀ Èsìẹ́, tàbí ti Ìsọlọ̀.

Ní oṣù kẹta 2001, àwọn Taliban fi àdó olóró fọ́ ère Buddha ńlá méjì tí a gbẹ́ sára àpáta ní Bamiyan, ní Afghanistan. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹlẹ́sìn Buddha ti tán ládùúgbò náà. Ta ni wọ́n wá yí lọ́kàn padà?

Èyí tó le jù nínú ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti ọdún ère, nítorí wọ́n ṣì ń ṣe é ní Èsìẹ́ lọ́dọọdún. Ṣé kì í ṣe òrìṣà ni ìjọba kọ́lé fún? A ní kí wọ́n padà sí Éfésù. Ó ju ọdún méjì lọ tí Pọ́ọ̀lù fi wàásù nínú ìlú tí tẹ́ńpìlì Átẹ́mísì wà, akọ̀wé ìlú náà sì jẹ́rìí pé àwọn ará yìí kò ja tẹ́ńpìlì lólè. Síbẹ̀, Dèmétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà ti ń pariwo pé iṣẹ́ àwọn fẹ́ bàjẹ́.