Irin Ojú Ọ̀run àti Irin Ògún: Ohun tí Níkẹ́lì Lè Sọ fún Òpìtàn

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń kọ́ nípa ìtàn ilẹ̀ wa ni pé irin àkọ́kọ́ tí àwọn Yorùbá lò bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ a máa tọ́ka sí ẹ̀wọ̀n tí ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé a fi rọ̀ sí Ifẹ̀. Wọn a tún tọ́ka sí Ògún, tí ó fi àdá irin la ọ̀nà fún àwọn irúnmọlẹ̀ yòókù nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí ayé. Èrò náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé oríire ni àwọn baba ńlá wa fi rí irin, kì í ṣe ìmọ̀. Nítorí pé ẹni tí ó ṣa irin nílẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó yọ irin lára òkúta. Nítorí náà, ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni bóyá àwọn Yorùbá ìgbà láéláé mọ iṣẹ́ iléru tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Èrò wa nínú pépà yìí ni pé ohun tí ó wà nínú irin fúnra rẹ̀ lè dá ẹjọ́ náà.

Ohun tí irin ojú ọ̀run jẹ́

Nínú 100 òkúta ojú ọ̀run tí a fojú rí nígbà tí wọ́n ń já bọ́, nǹkan bí 5 péré ni ó jẹ́ irin. Inú àwọn ayé kéékèèké tí ó ti yọ́ nígbà kan rí ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Nígbà tí ayé bẹ́ẹ̀ yọ́, irin àti níkẹ́lì tí ó wúwo sílẹ̀ sí àárín rẹ̀, bí ògì ti í sílẹ̀ tí omi rẹ̀ sì í lé sókè. Lẹ́yìn náà ni ayé kan kọ lu èkejì, tí wọ́n sì fọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn irin wọ̀nyí tí níkẹ́lì kò sí nínú rẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí 5 nínú 100, ó sì lè ju 30 lọ.

Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ gbà ń pín wọn. Èyí tí ó pẹ́ jù ni ti àwòrán inú irin. Ní ọdún 1804, Thomson ní Naples ṣàkíyèsí pé bí a bá da ásíìdì sí ojú irin bẹ́ẹ̀ tí a ti dán, ilà a máa yọ lára rẹ̀. Ní 1808 Widmanstätten rí ohun kan náà ní Vienna, orúkọ tirẹ̀ ni àwọn ilà náà sì ń jẹ́ títí di òní (bí ayé ti í rí nìyẹn). Èyí tí níkẹ́lì inú rẹ̀ kò tó 6 nínú 100 ni a ń pè ní hexahedrite. Ẹ̀yà irin kan ṣoṣo, kamacite, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara rẹ̀. Bí níkẹ́lì bá ti pọ̀ sí i, taenite a wọ inú rẹ̀, àwọn méjèèjì a sì dábùú ara wọn bí ẹní tí a hun: octahedrite nìyẹn. Bí níkẹ́lì bá wá ju nǹkan bí 16 lọ, ilà náà a kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i mọ́, a sì ń pè é ní ataxite. Kí ilà wọ̀nyí tó lè yọ, irin náà ní láti máa tutù díẹ̀díẹ̀ fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún. Kò sí àgbẹ̀dẹ tí ó lè dá irú rẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn èròjà tí kò tó nǹkan. Ní 1951 Goldberg, Uchiyama àti Brown wọn gallium inú irin púpọ̀, wọ́n sì rí i pé ó pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ní 1957 Lovering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi germanium kún un. Láti 1967 ni John Wasson ní Yunifásítì California ní Los Angeles ti tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà títí ọ̀wọ́ fi ju 10 lọ: IAB, IIAB, IIIAB, IVA, IVB àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ wọ̀nyí kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ṣe pàtàkì, nítorí pé germanium tí kò tó 1 nínú mílíọ̀nù nínú ọ̀wọ́ kan lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú òmíràn. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dà bí ìdílé: àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ti ara ayé kan náà wá ni.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní tirẹ̀. Uwet, ní agbègbè Cross River, tí a rí ní 1903, wúwo tó nǹkan bí 54 kìlógíráàmù, ó sì wà ní ọ̀wọ́ IIAB. Udei Station ní agbègbè Benue já bọ́ ní 1927. Ó wúwo tó 103, ó sì bá ọ̀wọ́ IAB tan. Méjèèjì, kò sí èyí tí ó já sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ìdàrọ́ kì í purọ́

Àwọn ènìyàn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n lo irin ojú ọ̀run. Ìlẹ̀kẹ̀ irin mẹ́sàn-án tí a hú jáde ní Gerzeh ní Íjíbítì ní 1911, tí ọjọ́ orí wọn ju 5,000 ọdún lọ, irin ojú ọ̀run ni wọ́n. Àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé níkẹ́lì inú ọ̀bẹ Tutankhamun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 nínú 100. Àwọn Inuit ní Greenland pẹ̀lú a máa gé irin lára òkúta Cape York tí ó jẹ́ ti ọ̀wọ́ IIIAB, wọn a sì fi òkúta lù ú ní tútù. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ó jọra nínú gbogbo wọn: irin náà kò pọ̀, iṣẹ́ kéékèèké ni a fi ń ṣe, a kò sì nílò iléru láti yọ ọ́. Irin ojú ọ̀run ti jẹ́ irin kí ó tó balẹ̀. Kò ní ìdàrọ́ tí yóò fi sílẹ̀, àyàfi èérún díẹ̀ tí ó máa ń bọ́ nígbà tí a bá ń rọ ọ́.

Ìdàrọ́ ni ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó, rí iṣẹ́ iléru lójú ayé ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904. Ìlú kékeré kan tí iṣẹ́ yíyọ irin jẹ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wọn ni ó rí, pẹ̀lú iléru alámọ̀, èédú àti òkúta tí a lọ̀ tí a sì fi omi ṣàn. F. W. Harbord ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àyẹ̀wò irin náà. Òkúta ilẹ̀ ni a ti yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun ìyanu nínú èyí: láti Ọ̀fà dé Ilemona, àti káàkiri ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, yangí ni ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, irin tí ó ti dípẹtà sì kún inú yangí. Ohun tí ó ṣòro ni láti gba irin náà kúrò nínú ìpẹtà. Ìṣòro yìí ni àwọn ará Ola-Igbi mọ̀ bí a ti ń yanjú. Àwọn ará Taruga náà, ní agbègbè Nok, mọ̀ ọ́n ṣáájú ìbí Kristi, gẹ́gẹ́ bí iléru tí Bernard Fagg hú jáde níbẹ̀ ti fi hàn.

Ẹnìkan lè bèèrè nípa ẹdùn àrá, nítorí pé àwọn Yorùbá gbà pé ojú ọ̀run ni ó ti ń já bọ́. Àmọ́ àáké òkúta tí àwọn ènìyàn ìgbà láéláé dán ni ẹdùn àrá, irú èyí tí Thurstan Shaw rí ní Ìwó Elérù ní 1965. Òkúta ni, kì í ṣe irin, ti Ṣàngó ni, kì í sì í ṣe ti Ògún. Ní tiwa, a rò pé ìpín yìí ní ìtumọ̀: ohun tí ó já láti òkè wà lọ́dọ̀ òrìṣà kan, ohun tí a fi iná ṣe wà lọ́dọ̀ òmíràn. Síbẹ̀ a kò ní gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Èyí tí ó kù ni Ògún Ládìn, irin ńlá tí ó rí bí ẹ̀kán omijé ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Ìrísí rẹ̀ nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí, nítorí pé irin tí ó ti iléru jáde náà lè gba irú ìrísí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Bí a bá sì wá ilà Widmanstätten lára irin tí iná ti wọ̀ gan-an, a lè máà rí i, nítorí ooru a máa pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n níkẹ́lì kì í kúrò níbẹ̀. Níkẹ́lì nìkan pàápàá kò tó, nítorí pé òkúta ilẹ̀ mìíràn ní in. Albert Jambon fi hàn ní 2017 pé ìwọ̀n níkẹ́lì sí kóbáltì àti irin pa pọ̀ ni ó ń ya tòkè sọ́tọ̀ kúrò lára tilẹ̀. Irú àyẹ̀wò tí ó lò kò sì nílò kí a gé ohunkóhun kúrò lára ohun àtijọ́, tí ó fi jẹ́ pé a lè ṣe é níwájú ojúbọ, bí Ọọ̀ni àti àwọn aworo Ògún bá yọ̀ǹda.